Ajá Kò Ní Ohùn Ènìyàn, Ṣùgbọ́n Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ariwo ńlá sọ nínú ọgbà ilé tí èmi àti àwọn ayálégbé mìíràn jọ ń gbé ní ìlú Jos. Ìdòwú, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Ìyá Ìbejì bí tẹ̀lé àwọn ìbejì rẹ̀, ni ajá onílé gé jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn yóò fi sáré jáde, ẹ̀jẹ̀ ti bo aṣọ ọmọ náà, ajá sì ti sá wọ abẹ́ ọkọ̀ onílé, ó ki ìrù bọ àárín itan, ó ń gbọ̀n. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo ènìyàn ń tún sọ: "Ajá yìí kò gbó, kò kùn, ó kàn ṣàdédé bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni!" Onílé, bàbá arúgbó kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Plateau, ká ọwọ́ lérí. Ó ní ọdún kẹrin rèé tí Jáàkì ti wà lọ́dọ̀ òun, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbólóhùn náà kì í ṣe òótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tọkàntọkàn ni àwọn tí ó sọ ọ́ fi sọ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí, mo ń mu tíì, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú mi. Ajá náà dùbúlẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ń rún egungun kan lẹ́nu. Ìdòwú wá jókòó tì í. Ajá dẹ́kun jíjẹ, ó sì yí ojú sí apá kejì. Ó lá góńgó imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ajá yán, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, bí ẹni pé oorun ń kùn ún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi; orí rẹ̀ kò yí mọ́, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ yí sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí funfun ojú rẹ̀ fi yọ síta. Ìdòwú tún wá gbé ẹnu sún mọ́ ọn láti fi kò ó lẹ́nu. Ìyókù ni ẹ ti gbọ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń fi jẹun. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan sí òmíràn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ ajá sọ gbólóhùn bíi márùn-ún lójú mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Àwa tí a ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Kwara tàbí Èkìtì wá sí Òkè Ọya tilẹ̀ yẹ kí a mọ̀ ju èyí lọ, nítorí pé kí Hausa tó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, ojú àti ọwọ́ àwọn onílùú ni a kọ́kọ́ ń kà lọ́jà. A mọ ẹ̀rín tí ó túmọ̀ sí pé "ẹ ṣì lè ná an sí i", a sì mọ èyí tí ó túmọ̀ sí pé "ẹ máa lọ". Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ ajá. Mo ń kọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí kọ́ sílẹ̀ níhìn-ín nítorí pé ajá tí ó wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe tiwa. Ti onílé ni, tàbí ti aládùúgbò, a kò mọ ìwà rẹ̀ láti kékeré, àwọn ọmọ wa sì ń bá a ṣeré lójoojúmọ́.

Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí ajá rí tí ó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùtàn fi ń ṣèran wò. Aláriwo ni òwe yìí ka ajá sí. Wọ́n tún ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, níbi tí ó ti jẹ́ pé ajá ni a ní kí ó gbọ́ tiwa. Bóyá nítorí pé ohùn ni a ń fetí sí ni ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń kọjá lára wa. Nítorí ara ni ajá fi ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ìrù, etí, ojú, ètè, irun ẹ̀yìn, àti bí ó ṣe gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, ti kọ ọ́ sínú ìwé kan ní ọdún 1872 pé ajá tí ó fẹ́ bá àlejò jà a máa na ara sókè gbọnrangandan, a gbé ìrù sókè, irun ọrùn rẹ̀ a dìde, ojú rẹ̀ a ranjú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá rí i pé ọ̀gá òun ni ẹni tí ń bọ̀, ohun gbogbo a yí padà lójú ẹsẹ̀: ara a rọ̀, a tẹ̀ sílẹ̀, ìrù a wálẹ̀, a sì máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Darwin ní ìdí tí ìkejì fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó jẹ́ òdìkejì èkíní pátápátá. Ẹni tí ó bá ti rí ajá tí ó fẹ́ gbó ọ̀gá rẹ̀ lóru kí ó tó dá a mọ̀ yóò jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrù bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé inú ajá dùn, bóyá ni mẹ́sàn-án kò ní wí pé, "Bí ó bá ti ń ju ìrù." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrù tí ń mì ń sọ pé ọkàn ajá ti ru sí nǹkan kan. Kò sọ bóyá fún ire ni tàbí fún ibi. Bí ìrù bá ń jù gbàyàwù, tí ìdí àti ìbàdí pẹ̀lú bá ń jó tẹ̀lé e, tí gbogbo ara sì rọ̀ bí aṣọ tí a fọ̀, ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìrù bá nà sókè ṣánṣán, tí ó ń mì díẹ̀díẹ̀, kíákíá, tí ara ìyókù kò sì mì, ẹ dúró níbi tí ẹ wà. Ìrù tí ó wọ abẹ́ itan ni gbogbo wa mọ̀, ti ẹ̀rù ni. Ohun tí a kì í rántí ni pé ajá tí ẹ̀rù bà, tí kò sì rí ọ̀nà sá, a máa bunijẹ.

Ní ọdún 2007, Angelo Quaranta àti Marcello Siniscalchi ti Yunifásítì Bari ní ilẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú Giorgio Vallortigara ti Yunifásítì Trieste, kó ajá 30 jọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo ìrù wọn. Nígbà tí ajá bá rí ọ̀gá rẹ̀, ìrù rẹ̀ a máa lọ sí apá ọ̀tún ara rẹ̀ ju apá òsì lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi ajá mìíràn hàn án, ajá akọ ńlá tí kò mọ̀ rí tí ó sì ń halẹ̀, ìrù a ṣí sí apá òsì. Àlàyé wọn ni pé apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí apá ọ̀tún ara, níbẹ̀ sì ni ìfẹ́ láti sún mọ́ nǹkan ti ń wá. Apá ọ̀tún ọpọlọ ni ti ìfòyà àti ìfàsẹ́yìn. Nígbà tí ó di ọdún 2013, wọ́n fi hàn pé àwọn ajá fúnra wọn ń ka èyí lára ara wọn: bí ajá bá rí àwòrán ajá tí ìrù rẹ̀ ń lọ sí òsì, ọkàn rẹ̀ a máa lù kìkì. Kì í ṣe ohun tí ojú lásán yóò tètè rí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú ajá tí ó ń bínú kí ó máa wọn ọ̀tún àti òsì.

Èyí mú mi rántí ohun kan tí ń dùn mí. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin ajá ní ìlú ńlá pé kí wọ́n gé ìrù ọmọ ajá, kí wọ́n sì gé etí rẹ̀ kí ó lè máa ta sókè, wọ́n ní ó ń mú kí ajá dà bí akọni. Ohun tí wọ́n gé dànù ni ẹnu tí ajá fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ajá tí kò ní ìrù kò lè fi hàn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò wá ìjà. Lẹ́yìn èyí ni olówó ajá yóò wá máa kùn pé ajá òun ń jà púpọ̀. Ní ti àwọn ajá ilẹ̀ wa tí ìrù wọn ká sókè sẹ́yìn láti inú ìyá wọn wá, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìrù náà ṣe máa ń wà nígbà tí ara bá rọ ajá, kí a tó lè mọ̀ pé ó ti gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Etí tí ó dojú kọ iwájú ń fetí sí nǹkan. Etí tí ó lẹ̀ mọ́ agbárí ń bẹ̀rù. Irun ẹ̀yìn tí ó dìde kì í ṣe ti ìbínú nìkan, ìdùnnú tàbí ìjayà lè gbé e dìde, gẹ́gẹ́ bí irun ọwọ́ tiwa náà ti ń dìde nígbà òtútù àti nígbà ẹ̀rù. Ní ti ẹnu, ajá tí inú rẹ̀ dùn a máa là á sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ahọ́n rẹ̀ a sì jáde. Bí ó bá pa ẹnu dé lójijì, tí ó dẹ́kun mímí hẹlẹhẹlẹ, èrò rẹ̀ ti yí padà nìyẹn.

Oníṣègùn ẹranko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kendal Shepherd, fi ọ̀rọ̀ ajá wé àkàsọ̀. Ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ ni ajá ti ń yán, tí ó ń ṣẹ́ ojú, tí ó ń lá imú. Bí a kò bá gbọ́, a gòkè díẹ̀: a yí orí, a yí ara, a gbé ọwọ́ sókè, a dìde lọ. Bí a bá tún tẹ̀lé e, a tẹ̀ ba sílẹ̀, etí a lẹ̀, ìrù a wọ abẹ́. Ó tilẹ̀ lè dùbúlẹ̀ kí ó ṣí ikùn sílẹ̀, èyí tí àwa ń rò pé ó ní kí a họ ikùn òun. Lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ yóò le, tí yóò ranjú, tí yóò kùn, tí yóò ta ẹnu sí afẹ́fẹ́. Orí àkàsọ̀ pátápátá ni ìbunijẹ wà. Turid Rugaas, obìnrin ilẹ̀ Norway tí ó ń kọ́ ajá, ti kọ ìwé nípa àwọn àmì ìsàlẹ̀ wọ̀nyí tipẹ́, ó ní ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n, ajá ń fi wọ́n wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ó má di ìjà." Nígbà tí mo ka èyí, mo rí ẹ̀bá kànga wa lójú mi. Láti ìsàlẹ̀ ni Jáàkì ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ajá tí a kọ́ dáadáa. Ohun tí ó fo kọjá ni kíkùn, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí èmi náà ti gbọ́ bí wọ́n ti máa ń fi igi lù ú nígbà tí ó wà ní kékeré bí ó bá ti kùn sí ènìyàn. Ẹni tí ó bá na ajá nítorí pé ó kùn kò mú ìbínú kúrò nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ nìkan ni ó mú kúrò. Bí ajá bá kùn, kí a kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì wá ohun tí ó ń bí i nínú.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìdìmọ́ra jẹ́ ìfẹ́ lójú ọmọ ènìyàn. Lójú ajá, ẹni tí ó di òun mọ́ ti gba ọ̀nà àsálà lọ́wọ́ òun. Ọmọ kékeré kò sì ga ju orí ajá lọ, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú àti ọrùn ni ajá sábà máa ń bu ọmọdé jẹ. Ọmọdé a sì máa ka eyín tí ajá yọ síta sí ẹ̀rín. Kí a kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ajá tí ó ń jẹun, èyí tí ó ń sùn, tàbí abo tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kí wọ́n má ranjú mọ́ ajá tí wọn kò mọ̀. Kí wọ́n má sì sáré bí ó bá ń tẹ̀lé wọn. Kí wọ́n dúró bí igi, kí wọ́n gbé ojú sílẹ̀, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra. Bí a bá sì fẹ́ kí ajá fọwọ́ sí i pé kí a fi ọwọ́ kan òun, kí a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí òun fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn wa. Eré náà ní àmì tirẹ̀: ajá a tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, a gbé ìdí sókè, bí ọmọ tí ń dọ̀bálẹ̀ tí kò parí rẹ̀. Ajá tí ó bá ṣe èyí, eré ni ó ń fẹ́, bí ó tilẹ̀ ń kùn.

Mo sọ pé ajá sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ará ilé ní, "Ẹ wò ó, ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n Alexandra Horowitz, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Barnard College ní ìlú New York, dán èyí wò lára ajá 14, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ó ní kí àwọn olówó ajá kìlọ̀ fún ajá wọn kí ó má jẹ oúnjẹ kan, kí wọ́n sì jáde. Nígbà mìíràn ajá jẹ ẹ́, nígbà mìíràn kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ ni a ń sọ fún olówó ajá ní gbogbo ìgbà. Ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ajá ń ṣe kò tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ìbáwí ni ó ń tẹ̀lé. Àwọn tí kò jẹ nǹkan kan, tí a sì bá wí, ni ó tilẹ̀ ṣe ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ jù. Igbe wa ni Jáàkì ń sá fún lábẹ́ ọkọ̀.

Bàbá Ìbejì ní kí a pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti ìta tilẹ̀ ti dé, wọ́n ní àwọn yóò bá wa gbé e lọ, a sì mọ ibi tí wọn yóò gbé e gbà, nítorí ẹran ajá kì í ṣe èèwọ̀ ní àgbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èèwọ̀ ní Oǹdó lọ́dọ̀ tiwa. Onílé kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fa ojú ro. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti máa ń rí bí ó bá ti ń di ti àlejò àti onílùú. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gbé lójúde wa ni Ọlọ́run fi ràn wá lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ gba ọmọ náà, ó sì fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń ké. Ìyá àgbà kan ti ń jó irun ajá láti fi dí ojú ọgbẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ẹ má fi nǹkan kan sí i." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Bàbá Ìbejì, tí ó ní, "Bí ẹ bá pa ajá yìí lónìí, kí ni yóò sọ fún wa bóyá ó ní dìgbòlugi?"

Àrùn dìgbòlugi, tí àwọn Hausa ń pè ní "haukan kare", wà nínú itọ́ ajá tí ó mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó ń pa ènìyàn bí 59,000 lọ́dọọdún ní ayé, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ, ajá ni ó sì ń fa èyí tí ó tó 99 nínú 100. Nínú ènìyàn, ó sábà máa ń fi oṣù méjì sí mẹ́ta lúgọ kí ó tó farahàn. Bí ó bá sì ti farahàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a bá tètè gbà kí ó tó farahàn ń dá a dúró. Ajá tí ó lè kó àrùn náà ranni ní ọjọ́ tí ó bunijẹ kì í pẹ́ láyé. Bí a bá so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ara rẹ̀ sì dá, kò sí àrùn nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. A kì í sì í dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ.

Ní ti ajá tí ó ti mú un, òun náà ń fi ara sọ ọ́. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ti aṣiwèrè ajá, tí ń rìn kiri, tí ń bu igi àti òkúta jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ajá tí ó dákẹ́. Ìwà rẹ̀ a yí padà, ajá líle a di ẹlẹ́jẹ̀ tútù, ohùn gbígbó rẹ̀ a yàtọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ a rọ, kò ní lè gbé nǹkan mì, yóò sì dà bí ẹni pé egungun há a lọ́fun. Aláàánú ènìyàn a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ egungun tí kò sí níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé Ìdòwú dé kò ní abẹ́rẹ́ náà. A rí i ní èkejì, owó rẹ̀ kò sì kéré. Gbogbo ilé ni ó dá a, onílé ni ó san èyí tí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ inú ikùn ti ìgbà àtijọ́ mọ́, apá ni wọ́n ń gún un sí, ní ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje, títí tí ó fi pé. Nítorí pé ojú ni ọgbẹ́ náà wà, wọ́n tún fún un ní oògùn mìíràn yí ojú ọgbẹ́ ká. Ìwé àjẹsára Jáàkì ni onílé kò rí mọ́. Abẹ́rẹ́ ajá kò sì ṣòro rí ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nítorí Vom, níbi tí ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1924, tí wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, kò jìnnà sí Jos. Ọmọ ajá tí ó pé oṣù mẹ́ta ti tó gbà á, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé.

Wọ́n so Jáàkì mọ́ ìdí igi máńgòrò. Ní àràárọ̀ ni Bàbá Ìbejì ń yọjú lójú fèrèsé láti wò ó bóyá ó ti kú. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ajá náà jẹ àwo tùwó kan tán, ó sì ń ju ìrù, gbogbo ìdí rẹ̀ ń jó tẹ̀lé e. Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ni ó lọ sọ fún onílé.

Àpá kékeré kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìdòwú di òní. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ aládùúgbò kan tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ ń lọ sí ọ̀dọ̀ Jáàkì níbi tí ó gbé ń jẹun. Ìdòwú na ọwọ́ dá a dúró, ó ní, "Ka bar shi, yana cin abinci." Ó ní kí ó fi í sílẹ̀, oúnjẹ ni ó ń jẹ.